Ìgò oògùn kan ní Ikpinlè: Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ wa ń fi ọdún méje kọ́, ṣé ó ń wúlò fún wa?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní.

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Ikpinlè, lábẹ́ Adja-Ouèrè, mo bá bàbá àgbẹ̀ kan nídìí àtẹ ẹni tó ń ta oògùn apakoríko. Láti Nàìjíríà ni oògùn náà ti wá, bíi ti ọ̀pọ̀ ọjà tó wà lórí àtẹ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà: ìwọ̀n oògùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ pò mọ́ omi, ohun tó gbọ́dọ̀ fi bo imú àti ọwọ́, àti iye àkókò tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó padà wọ inú oko náà. Bàbá na ìgò sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní terminale, ó ní: "Ọmọ mi, bá mi kà á. Ẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbí ẹ ò kọ́ ọ?"

Ọmọ gba ìgò. Ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn. Ó rí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí omi, ó rí àwọn nọ́ńbà, ó sì dákẹ́. Ẹni tó ń tajà ló gba ọ̀rọ̀ sọ: "Bàbá, ẹ sáà bu ìdérí mẹ́ta sí i. Ó ti tó." Nígbà tí èmi fúnra mi gba ìgò náà kà, kò sí ọ̀rọ̀ ìdérí níbẹ̀ rárá. Mílílítà ni wọ́n kọ, àti iye omi tó gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi. Lórílẹ̀-èdè Benin, láti sixième títí dé terminale, ọdún méje gbáko, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ń ṣe é nínú ìdánwò BEPC. Ọmọ yìí ti yege nínú BEPC tirẹ̀. Tí ẹ bá ní kó ka bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà, yóò kà á lórí fún yín láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì wá bá a lórí àtẹ, tí májèlé wà nínú ìgò, tí bàbá rẹ̀ sì ń wo ẹnu rẹ̀, kò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ọ̀nà jíjìn fún àwa ará Adja-Ouèrè. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Nítorí náà, ó yẹ ká máa kọ́ àwọn ọmọ wa fún lílò, kó má jẹ́ fún ìdánwò nìkan. Èdè Yorùbá tó wà lẹ́nu wọn ló sì yẹ ká fi ṣe àkàbà tí wọn yóò gùn dé ibẹ̀.

Ìlà tí àwọn ẹlòmíràn fà

Àwọn tó bá ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò kàn wá níhìn-ín, pé Faransé ni tiwa, ẹ jẹ́ ká rán wọn létí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn aláṣẹ Faransé àti ti Ìlú Ọba tọwọ́ bọ̀wé ní Paris lórí ibi tí agbègbè kálukú yóò parí sí láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́. Ìlà yẹn ló pín àwọn ènìyàn wa sí méjì. Kétu, Pobè, Sakété àti Adja-Ouèrè bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ìláròó àti Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Ijaola Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, kọ odindi ìwé kan tó jáde ní 1976 lórí bí ìjọba òyìnbó méjèèjì ṣe rí fún àwọn Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn láti 1889 títí di 1945.

Ní 1960, orílẹ̀-èdè méjèèjì gba òmìnira, ṣùgbọ́n ìlà náà kò parẹ́. Òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990 sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Ní òdìkejì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ìjọba. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Ọjà-Ọ̀dàn àti àbúrò tó ń gbé Massè, tí bàbá ńlá wọn jẹ́ ọ̀kan, ń fi Yorùbá kí ara wọn, wọ́n ń fi Yorùbá ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ń fi í sìnkú. Àmọ́ bí ìwé bá ti wọ ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ìwé ilẹ̀, ìwé ọsibítù tàbí ìwé ìsanwó ọjà, àwọn méjèèjì á máa wá ògbufọ̀ kiri.

Ṣé Yorùbá nìkan kò tó?

Mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Wọn yóò ní: "Àwọn ará Nàìjíríà tó wà nítòsí wa, ṣebí Yorùbá ni wọ́n ń sọ? Kí la fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?"

Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò ju kí á ra gààrí lọ́wọ́ ẹni tó ti Yewa wá. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè àti òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de tí ìjọba Nàìjíríà ń kó sí ẹnu ibodè, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wá. Ẹlòmíràn jẹ́ Haúsá, ẹlòmíràn jẹ́ Íbò, ẹlòmíràn jẹ́ Tífì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò ńlá tó ń wá kó àgbàdo àti epo pupa. Orílẹ̀-èdè tó ní èèyàn tó ju 200 mílíọ̀nù lọ ni Nàìjíríà, Yorùbá kan kò sì lè gba èèyàn já láti ìpẹ̀kun rẹ̀ kan dé èkejì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìrìnnà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí àwa níhìn-ín ń pè ní CEDEAO, ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà, tó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye, lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú wọn láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Ẹ̀tọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin wa tó ń lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà l'Ékòó, tí ọlọ́pàá kan dá dúró tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè ọ̀rọ̀, báwo ni yóò ṣe sọ pé ẹ̀tọ́ òun ni? Ohun tó mọ̀ kò ju kó ki ọwọ́ bàpò, kó mú náírà jáde. Ẹni tí kò lè sọ ẹjọ́ ara rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kì í gún.

Ẹ tún rántí ìgbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn aláṣẹ Àbújá fi ń kéde ohun tí wọ́n fàyè gbà àti èyí tí wọn kò fàyè gbà. Lọ́dọ̀ wa, àhesọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbé. Lónìí wọn yóò ní ọ̀nà ti ṣí, lọ́la wọn yóò ní kò ṣí. Ìyá tó ti kó tòmátò sínú agbọ̀n kò lè dúró de àhesọ. Tòmátò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán sí Nàìjíríà

Yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wa, gbogbo ayé ló ń lo èdè yìí. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lágbàáyé, tí a bá ka àwọn tó kọ́ ọ kún àwọn tí wọ́n bí sínú rẹ̀, tó bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìwádìí lórí ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gbé e jáde. Awakọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, dandan ni kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìwọ̀n kan, ìbáà jẹ́ ọmọ Faransé, ọmọ Ṣáínà tàbí ọmọ Brazil.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo èdè Faransé bíi tiwa ti ń fura. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Togo, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àti Gabon wọ àjọ Commonwealth. Rwanda ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn ní 2009, lẹ́yìn tó ti pinnu ní 2008 pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ àwọn ọmọ dípò Faransé. Mi ò sọ pé kí àwa náà sáré ṣe bíi ti Rwanda. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ níbẹ̀ ni kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi í kọ́ni, èyí sì fa ìnira fún tíṣà àti ọmọ. Ìkánjú kì í kọ́lé. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká rí i pé àwọn ẹgbẹ́ wa kò jókòó.

Níbo ni ó ti ń wọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó na ọwọ́ gba ìgò. Ọmọ Yorùbá ni. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó dé ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní Faransé ni kó máa gbọ́. Kí Faransé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó dé sixième, wọ́n mú Gẹ̀ẹ́sì wá, Faransé ni wọ́n sì fi ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì náà fún un. Ẹni tí àtẹ̀gùn kejì ṣì ń mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a ní kó gun ẹ̀kẹta. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lé dáadáa, ìyẹn Yorùbá, kò sí ẹni tó bi í léèrè rẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ní ohun tó lè fi ran ọmọ lọ́wọ́ tí Faransé kò ní. Nínú Faransé, tábìlì jẹ́ abo, ìwé jẹ́ akọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ há gbogbo rẹ̀ sórí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí, Yorùbá náà kò ní in. Tíṣà tó bá sọ èyí fún ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yàtọ̀ sí tiwa náà, Yorùbá ló yẹ ká fi tọ́ka sí i. Àwa ń sọ pé "ó lọ" fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń pe ìyá wọn bí ẹni ń pe ọkùnrin nígbà tí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe òpè ni wọ́n. Kò sí ẹni tó fi tiwọn ṣàlàyé tòmíràn fún wọn ni. Àti pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: búrẹ́dì, bọ́ọ̀lù, táyà, tíṣà, fóònù. Láti orí ìwọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Wọ́n mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan gédégbé, pẹ̀lú tíṣà tó gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà yóò kú. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, kò rí bẹ́ẹ̀: wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ilé rẹ̀ dúró, yóò lè rìn ní ìta.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ eléyìí o. Ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ Yorùbá sí ọmọ yín mọ́ kó baà lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tàn yín ni. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "bilingue" tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ń kọ gàdàgbà sára pátákó wọn mú yín sanwó láìwádìí. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ bí tíṣà ṣe ń sọ èdè náà, ẹ gbọ́ bóyá àwọn ọmọ ń dá a lóhùn. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ohun tí ó ṣeé ṣe níhìn-ín

Mo mọ̀ pé wọn yóò ní owó kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ dábàá yìí kò béèrè owó ńlá.

Àkọ́kọ́, kí àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa mú ọjà wọ kíláàsì. Páálí oògùn ibà, ìgò apakoríko tí wọ́n ti fọ̀ nù tàbí àwòrán rẹ̀, fọ́ọ̀mù ẹnu ibodè, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù: ìwé kíkà gidi ni gbogbo wọn. Ọmọ tó bá lè ka páálí oògùn, kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní Yorùbá fún ìyá rẹ̀, ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Èkejì, kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Èdè tí a kò sọ jáde lẹ́nu, inú ìwé ló ń kú sí. Mo mọ̀ pé kíláàsì ń kún, tíṣà kan kò sì lè gbọ́ ti ọmọ gbogbo. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì láàárọ̀ Sátidé, lábẹ́ igi, kí wọ́n pín ara wọn ní méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe oníbàárà, kí èkejì ṣe ọlọ́jà, kí ọ̀kan ṣe aṣọ́bodè, kí èkejì ṣe arìnrìn-àjò. Èyí kò ná ìjọba ní sẹ́fà kan.

Ẹ̀kẹta, a ní ọrọ̀ kan tí a kò kà sí. Mélòó ni àwọn ará Adja-Ouèrè, Pobè àti Sakété tó ti gbé Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wálé? Télọ̀ wà nínú wọn, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ka ìwé mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Kí tíṣà máa ké sí wọn wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Tíṣà ni yóò mọ èyí tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé àti èyí tó jẹ́ ti ìgboro, méjèèjì ló sì ní àyè tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí àwọn ọmọ máa fi orin, eré àti kíka nǹkan gbọ́ díẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó dé sixième. Kí àwọn ìyá wa tó ń tajà náà má ṣẹ́yìn: kí wọ́n kọ́kọ́ mọ Yorùbá kọ, kí wọ́n mọ̀ ọ́n kà, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti orí ìwé ìsanwó.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí mo fẹ́ kí àwọn olórí wa fi sọ́kàn jù. Láti 1991 ni Nàìjíríà ti ní abúlé kan ní Àjàrá, nítòsí Àgbádárìgì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọn tó ń kọ́ Faransé ń lọ gbé kí wọ́n lè máa sọ ọ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn náà mọ̀ pé àwọn nílò èdè tiwa. Ṣé a kò wá lè pàdé láàárín ọ̀nà? Kí mẹ́rì Adja-Ouèrè àti alága ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Yewa jókòó, kí wọ́n so ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín pọ̀ mọ́ ọ̀kan lọ́hùn-ún. Nígbà ọlidé, kí ogún ọmọ tiwa lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, kí ogún tiwọn wá sọ́dọ̀ wa. Tiwa yóò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn yóò kọ́ Faransé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há sí wọn lẹ́nu, Yorùbá wà láàárín tí yóò yọ wọ́n. Àwọn ìyá tí yóò gbà wọ́n sílé kì í ṣe àjèjì. Ìbátan wọn ni. Mélòó ni orílẹ̀-èdè lágbàáyé tí ọmọ rẹ̀ lè lọ kọ́ èdè àgbáyé méjì nínú ilé ìyá àgbà rẹ̀? Ìlà tí wọ́n fà ní 1889 láti fi pín wa, àwa lè sọ ọ́ di ohun tí àwọn ọmọ wa ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní abúlé, tí ọ̀pọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn tí kò dáni lójú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn. Mi ò kọ èyí láti bù yín kù. Mo kọ ọ́ kí ìjọba àti àwa òbí lè mọ̀ pé ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ju máàkì lọ. Nínú oko àgbàdo, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Lẹ́nu ibodè, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni. Lọ́jà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni.

Bàbá tí mo rí ní Ikpinlè san owó ìgò rẹ̀, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó ń lọ sóko. Mo sáré bá a, mo sọ ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ fún un, mo sì sọ fún un pé kó fi aṣọ bo imú. Ó dúpẹ́. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ṣé o gbọ́? Lọ kọ́ eléyìí wá fún mi." Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fi ìgò yẹn sílẹ̀ fún mi tí ẹ bá lò ó tán. Màá mú ohun tí wọ́n kọ sí i lọ fún tíṣà wa."

Mo gbà pé ọmọ yẹn ti rí ibi tó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwa àgbà.